Lẹ́yìn Ìkọlù Ọkàn, Ìrànlọ́wọ́ Wo Ló Yẹ Yín? Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tó Wà Fún Ìbẹ̀rù, Ìsoríkọ́ àti Ìpayà

Bí wọ́n bá ti ṣí òpójẹ̀ tó dí, tí wọ́n kó oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún un ni pé kó dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bọ́. Òun náà á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di òru, tí ilé pa lọ́lọ́, etí rẹ̀ á wà lára àyà rẹ̀. Á fi ìka lé ọrùn ọwọ́, á máa ka bó ṣe ń lù. Bó bá yára díẹ̀, òógùn á bò ó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, á ní òun sùn. Ojú máa ń tì í láti ráhùn, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì tí irú rẹ̀ ṣe kò padà délé.

Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe ojo. Nínú èèyàn márùn-ún tó ní ìkọlù ọkàn (heart attack), ìsoríkọ́ tó le máa ń mú bí ẹnì kan, àwọn mìíràn sì tún wà tí tiwọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti inú tó bàjẹ́ lásán lọ. Ní 1993, Nancy Frasure-Smith àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà, fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, àwọn tí ìsoríkọ́ mú ń kú ju àwọn tí kò mú lọ. Ní 2014, àjọ American Heart Association dá a lábàá pé kí wọ́n ka ìsoríkọ́ mọ́ àwọn ohun tó ń fi irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sínú ewu. Kò ṣòro láti rí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Ẹni tí ayé sú kì í rántí oògùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò nílé, sìgá tó ti pa tì á tún máa wù ú. Nínú ara pẹ̀lú, ìdààmú tí kò dáwọ́ dúró máa ń mú kí ọkàn máa sáré, kí ẹ̀jẹ̀ sì tètè máa dì.

Ìrànlọ́wọ́ tó wà fún un ju ẹyọ kan lọ, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Ibi tí mo dúró sí rèé: ohun tó ń jí yín lóru ni kẹ́ ẹ fi yan, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ fún yín, kì í sì í ṣe èyí tí ẹnì kan ní ó ṣiṣẹ́ fún òun. Ẹni tí ẹ̀rù àtẹ̀gùn ń bà àti ẹni tí kò rí ìdí tó fi yẹ kó jí lówùúrọ̀ kò gbọdọ̀ gba ìtọ́jú kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá kan náà ni wọ́n jọ dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn.

## Ohun méjì tó ṣáájú yíyàn

Àkọ́kọ́, ìrora àyà tuntun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn. Bí àyà bá ń fún yín pinpin, tí ìrora náà ń lọ sí apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, tí èémí kò délẹ̀, tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Jìnnìjìnnì tó ń múni lójijì lè fara jọ ọ́ débi pé dókítà pàápàá ní láti lo ẹ̀rọ ECG, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìlù ọkàn, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ troponin kó tó lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Kò sí ẹni tó lè dá wọn mọ̀ lórí ibùsùn lóru. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti èèyàn láti tún padà lọ, pàápàá tí wọ́n bá ti dá a padà lẹ́ẹ̀kan pé kò sí nǹkan. Ẹ lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Èkejì, ẹ fún ara yín ní àyè, ṣùgbọ́n kí àyè náà ní òpin. Omijé tó ń bọ́ láìnídìí, inú tó ń tètè bí, àlá tó ń dẹ́rù bani, ìgbàgbé: gbogbo rẹ̀ wọ́pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín oṣù méjì. Èyí tí kò yẹ kẹ́ ẹ fojú fo ni ìdáhùn yín sí ìbéèrè méjì kan tí àwọn oníṣègùn máa ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní PHQ-2. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò wù yín ṣe mọ́? Ṣé inú yín ń bàjẹ́, tàbí kó dà bíi pé ìrètí ti pin? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, ìbéèrè mẹ́sàn-án ti PHQ-9 ló kàn. Máàkì 27 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá gba 10 sókè, ó yẹ kí oníṣègùn jókòó tì í kó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Nínú ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àárẹ̀ wà níbẹ̀, àìróorunsùn náà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn ọkàn bíi metoprolol nìkan lè fa àárẹ̀ àti àlá burúkú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ gbára lé jù lọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ àlá náà fún dókítà, ó lè pààrọ̀ oògùn tàbí kó dín in kù. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, torí pé kéèyàn já irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lójijì lè dá wàhálà tuntun sílẹ̀ fún ọkàn.

Àtẹ yìí ni mo fi kó ọ̀rọ̀ jọ fún ẹni tí kò bá lè ka gbogbo rẹ̀ lónìí:

| Ohun tó ń jẹ yín níyà | Ibi tí mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ | Ohun tí kò lè ṣe |
|---|---|---|
| Ẹ̀rù pé bẹ́ ẹ bá ṣíra, ọkàn á dúró | Ètò ìkọ́fẹpadà onídárayá (cardiac rehabilitation) | Kò tó fún ìsoríkọ́ tó ti wọra |
| Inú bíbàjẹ́, nǹkan kan kò wuni mọ́, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì | Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, oògùn, tàbí méjèèjì | Kì í yá lọ́jọ́ mélòó kan |
| Ọjọ́ ìkọlù ń padà wá sójú bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ | Onímọ̀ tó kọ́ ìtọ́jú ìpayà | Kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo |
| Ìkánjú, ìbínú, másùnmáwo iṣẹ́ | Àwùjọ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń kápá másùnmáwo | Kò ní yọ gbèsè tàbí ọ̀gá burúkú kúrò |
| Ìdánìkanwà, "ọ̀rọ̀ mi kò yé wọn" | Ẹgbẹ́ àwọn tó ti la irú rẹ̀ kọjá | Kì í wo àìsàn |

## Ètò ìkọ́fẹpadà àbí yàrá olùgbaninímọ̀ràn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi yàn. Wọ́n á ní eré ìdárayá lásán ni ètò ìkọ́fẹpadà, àwọn kò sì nílò ẹni tó máa kọ́ àwọn ní rírìn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ àyà yín, ẹ óò gorí ẹ̀rọ tí a ń rìn lórí rẹ̀, bí ọkàn yín ṣe ń lù á sì máa hàn lójú ẹ̀rọ níwájú nọ́ọ̀sì. Á máa bi yín pé báwo ló ṣe le tó, láti 6 dé 20, lórí ohun tí wọ́n ń pè ní òṣùwọ̀n Borg. Bẹ́ ẹ bá pe 12, á ní kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Bẹ́ ẹ bá pe 17, á dín eré ẹ̀rọ náà kù. Èémí yín á máa lọ sókè sódò, àyà yín á máa lù kìkìkì, òógùn á yọ: ohun tó ń dẹ́rù bà yín lórí ibùsùn gan-an ni gbogbo èyí. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ń wò yín, nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀. Ẹ óò tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, ẹ óò tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ara yín ló ń gba ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ìtùnú ẹnu lásán kò sì lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lágbára. Àkójọ tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ tó sì ń yẹ̀ wọ́n wò, gbé jáde ní 2021 kó ìwádìí 85 pọ̀, èèyàn 23,430 ló wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé ètò onídárayá ń dín ikú àrùn ọkàn, ìkọlù tuntun àti pípadà sílé ìwòsàn kù. Fún inú náà, ìwádìí kan tí James Blumenthal ti Yunifásítì Duke ṣáájú rẹ̀ ní 2012 kó èèyàn 101 tí àrùn ọkàn àti àmì ìsoríkọ́ jọ ń bá fínra jọ. Eré ìdárayá àti sertraline, tó jẹ́ oògùn ìsoríkọ́, jọ dín ìsoríkọ́ kù ju oògùn òfìfo tí kò ní nǹkan nínú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìtọ́jú ara nìkan ni ètò ìkọ́fẹpadà kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dópin.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ yàrá kejì. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n yẹ̀ wò jù lọ fún irú aláìsàn yìí ni CBT, èyí tó ń tún èrò àti ìṣe wa yẹ̀ wò. Kì í ṣe kéèyàn jókòó kó máa sunkún sí ẹlòmíì létí. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ní òun kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Olùtọ́jú kò ní sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Á ní kó kọ ohun tó gbà pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: "Bí mo bá gun àtẹ̀gùn yìí dókè, ọkàn mi á dúró." Á bi í pé nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló fi gbà á gbọ́? Ó ní 80. Dókítà ọkàn ti ní ó lè gùn ún, torí náà wọ́n jọ gùn ún. Ó dókè, ó ń mí hẹlẹ, àyà rẹ̀ ń lù, ó jókòó títí ó fi rọlẹ̀. Wọ́n á wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ní á ṣẹlẹ̀. Mélòó wá ni báyìí? Ó lè ní 50. Wọ́n á tún gùn ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń mú ọwọ́ kúrò lọ́rùn ọwọ́: ẹni tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà á kọ́kọ́ dín in sí òwúrọ̀ àti alẹ́, lẹ́yìn náà á wá fi mọ sí òwúrọ̀ nìkan.

Nígbà náà, èwo nínú méjèèjì? Bẹ́ ẹ bá ń jáde, tẹ́ ẹ ń jẹun, tí ẹ̀rù ara ló jẹ́ olórí ìṣòro yín, ètò ìkọ́fẹpadà ni kó ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kó falẹ̀, torí bí ìbẹ̀rù bá ti pẹ́ nínú ilé, ó máa ń mọ ojú ilé. Bí dídìde lórí ibùsùn bá ti di iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ìtọ́jú fún ìsoríkọ́ náà. Kì í ṣe pé eré ìdárayá kò dára fún yín. Ìsoríkọ́ wà lára ohun tó ń mú kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà já a jù sílẹ̀, tí wọ́n á sì wá ka èyí mọ́ ohun tí wọ́n kùnà.

Bí ọwọ́ yín bá lè tẹ méjèèjì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Blumenthal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìwádìí kan ní 2016 pẹ̀lú èèyàn 151. Nínú àwọn tó ṣe ètò ìkọ́fẹpadà nìkan, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún ní ìṣòro ńlá lẹ́yìn náà, bí ikú, ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìkápá másùnmáwo kún tiwọn, ìdá 18 ni. Ìwádìí kékeré ni, n kò ní fi í ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí PATHWAY tí wọ́n gbé jáde ní 2021 fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti àwùjọ sínú ètò ìkọ́fẹpadà fún apá kan lára èèyàn 332, àníyàn àti ìsoríkọ́ wọn sì dín kù ju ti àwọn tó gba ètò tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan lọ.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí àwọn tó ń polówó ìtọ́jú kì í fẹ́ sọ. Ìwádìí ENRICHD ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2003, fi CBT tọ́jú ìsoríkọ́ àti ìdánìkanwà lẹ́yìn ìkọlù ọkàn. Èèyàn 2,481 ló kópa nínú rẹ̀. Inú wọn sàn sí i díẹ̀, àmọ́ ikú àti ìkọlù tuntun kò dín kù. Àkójọ Cochrane ti 2017 náà rí i pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ń dín ìsoríkọ́, àníyàn àti másùnmáwo kù, bẹ́ẹ̀ ni ikú tí àrùn ọkàn ń fà, ṣùgbọ́n kò dín àpapọ̀ ikú kù. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ sísọ lòun máa fi dènà ìkọlù mìíràn, ó ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyà. Pé ó ń jẹ èèyàn níyà tó ìdí láti tọ́jú rẹ̀.

## Ọ̀rọ̀ sísọ àbí oògùn

Àwọn kan ń bẹ̀rù oògùn ìsoríkọ́ ju ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ọ̀rá, ti ẹ̀jẹ̀ dídì. Òmíràn tún kẹ̀? Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, kò sì yẹ kí dókítà fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìkọlù ni sertraline. Ìwádìí SADHART ti 2002 kó èèyàn 369 tí ìkọlù ọkàn tàbí ìrora àyà tó le ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá jọ, ó fún apá kan lára wọn ní sertraline, wọn kò sì rí i kó ba iṣẹ́ ọkàn jẹ́. Àwọn oògùn ìsoríkọ́ ti àtijọ́ bíi amitriptyline kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n lè da ìlù ọkàn rú, torí náà àwọn dókítà máa ń yẹra fún wọn fún irú aláìsàn yìí. Citalopram àti escitalopram lè nípa lórí ìlù ọkàn tí ìwọ̀n wọn bá ga, dókítà sì lè fẹ́ ṣe ECG kó tó kọ wọ́n tàbí lẹ́yìn tó bá kọ wọ́n. Ohun kan wà tó kan sertraline náà: ó ń fi kún bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà lára ẹni tó ń lo aspirin àti clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ara ń ṣú dúdú láìfarapa, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ewéko tí wọ́n ń tà fún ìsoríkọ́ lórúkọ St John's wort ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹra fún pátápátá. Ewé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ara tètè lé àwọn oògùn kan jáde, títí kan ticagrelor tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní stent, ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń mú kí òpójẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú rẹ̀. Oògùn amárabalẹ̀ bíi diazepam ní àyè tirẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Kò yẹ kó di ohun tí èèyàn fi ń sùn lóṣooṣù, torí ó ń di bárakú, ó sì ń múni ṣubú.

Ní ti àfiwé gan-an: oògùn kò béèrè okun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní i, kò béèrè ìrìn, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó hàn. Inú rírú àti ìṣòro nínú ìbálòpọ̀ lè bá a wá. Ọ̀rọ̀ sísọ ń béèrè àkókò, ó ń béèrè pé kéèyàn ṣe iṣẹ́ ilé láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá kọ́ níbẹ̀ á wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ìjókòó bá parí. Bí ìsoríkọ́ bá fúyẹ́ tàbí tí kò le jù, èmi á ní ẹ fi ọ̀rọ̀ sísọ bẹ̀rẹ̀. Bó bá le, tó jẹ́ pé ẹ kò lè pọkàn pọ̀ sórí ohun tí ẹni tó jókòó níwájú yín ń sọ, oògùn ni kó ṣáájú tàbí kí méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wù yín pàápàá ní ìwúwo. Nínú ìwádìí CODIACS ní Amẹ́ríkà ní 2013, wọ́n jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan oògùn, ọ̀rọ̀ sísọ tàbí méjèèjì, wọ́n sì ń yí i padà bí kò bá ṣiṣẹ́. Ìsoríkọ́ wọn dín kù ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé èrò láti pa ara yín ló ń wá, ẹ fi ìfiwéra yìí sílẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnì kan báyìí, kó sìn yín lọ sílé ìwòsàn tàbí kó bá yín pe ìlà pàjáwìrì.

## Nígbà tó jẹ́ ìpayà

Ìpayà tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ń fi sílẹ̀ lára èèyàn (PTSD) máa ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ìsoríkọ́. Ẹni tó ní i lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í gba ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn náà kọjá. Bó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ pàjáwìrì, gbogbo ọjọ́ náà á tún ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, títí dé òórùn yàrá. Nígbà míì, oògùn gan-an ni kì í fẹ́ rí, torí pé gbogbo hóró kọ̀ọ̀kan ń rán an létí. Àkójọ ìwádìí kan ní 2012 fi hàn pé ó ń mú bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ lára àwọn tó la irú ìṣẹ̀lẹ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀ kọjá.

Bó bá ti lé ní oṣù kan, onímọ̀ tó kọ́ ìtọ́jú ìpayà ní pàtó ni kẹ́ ẹ wá, yálà CBT tó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tàbí EMDR, ìtọ́jú tí wọ́n ti ń mú kí ojú máa lọ síwá sẹ́yìn bí èèyàn ṣe ń rántí ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni mú yín jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní kété lẹ́yìn ìkọlù kó ní kẹ́ ẹ ro gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọn kò gbà á níyànjú mọ́, kì í dènà ìpayà.

## Ẹ̀yin nìkan àbí àwùjọ

Oríṣi àwùjọ méjì ló wà, ẹ má sì kà wọ́n sí ọ̀kan. Èyí tó ní olùdarí tó kọ́ṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ tó ní ètò jẹ́ ìtọ́jú. Ìwádìí SUPRIM ní Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, tó jáde ní 2011, pín àwọn aláìsàn ọkàn 362 sí méjì. Apá kan ṣe ìjókòó 20, wákàtí méjì méjì, fún ọdún kan, ní àwùjọ kékeré, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń mọ ìgbà tí ìbínú àti ìkánjú ń bọ̀, àti bí a ṣe ń dá a dúró. Ìkọlù ọkàn tuntun fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kéré láàárín wọn ju ti apá kejì lọ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí torí pé ó gba àkókò. Ìwà tí èèyàn fi ogójì ọdún kọ́ kò ṣe é tú lọ́sẹ̀ mẹ́fà.

Oríṣi kejì ni ẹgbẹ́ àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣe, tí wọ́n ń pàdé láti jọ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ẹ óò gbọ́ látẹnu ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́yìn tirẹ̀ pé òun náà ka ìlù ọkàn lóru, òun náà sunkún nínú mọ́tò, ó sì wà láàyè tó ń sọ ọ́. Dókítà kò lè fún yín ní èyí. Ewu rẹ̀ ni ẹni tó ń pín ìmọ̀ràn oògùn, àti ẹni tí ìtàn rẹ̀ ń dá kún ìbẹ̀rù àwọn tó kù. Bẹ́ ẹ bá ń padà sílé pẹ̀lú àyà tó ń já ju bẹ́ ẹ ṣe lọ, ẹ wá òmíràn.

Ẹni tí kò ní ìdààmú kankan ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ní 1997, ìwádìí M-HART ní Montreal jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa pe àwọn tó ti kúrò nílé ìwòsàn lóṣooṣù kí wọ́n sì máa lọ wò wọ́n nílé bí ìdààmú bá wà. Èèyàn 1,376 ló wà nínú rẹ̀. Kò ran àwọn ọkùnrin lọ́wọ́, àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe é fún sì kú ju àwọn tí wọn kò ṣe é fún lọ. Àníyàn tí a bá ń fi bo èèyàn mọ́lẹ̀ lè pa á lára.

## Ojúkojú, fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì

Fún ẹni tí ibi ìtọ́jú jìnnà sí, fóònù kì í ṣe ìdajì ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tó ń pe aláìsàn tí ìsoríkọ́ mú, tó mọ ohun tó ń béèrè, tó sì ní dókítà lẹ́yìn rẹ̀, máa ń ṣiṣẹ́ tó dára. Ètò tí a máa dá ka lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán. Ìwádìí U-CARE Heart ní Sweden ní 2018 kó èèyàn 239 jọ, ó sì fún apá kan lára wọn ní CBT lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ 14. Kò yàtọ̀ sí ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ṣe é débi tó nítumọ̀. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ wá èyí tí èèyàn ẹlẹ́ran ara ń dá yín lóhùn nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún ẹnì kan nílé láṣẹ láti máa bi yín bẹ́ ẹ bá ti ṣe tọ̀sẹ̀ yìí.

## Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé

Ìyàwó tàbí ọkọ tó rí ìkọlù náà lójú ara rẹ̀ náà kì í sùn. Òun ló ń gbé ọwọ́ síwájú imú yín lóru láti mọ̀ bóyá ẹ ń mí. Òun ló gba garawa lọ́wọ́ yín, tó ní kẹ́ ẹ jókòó. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ó ń kọ́ yín pé aláìlera ni yín. Ẹ bá a sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì mú un lọ fún ìjókòó kan ó kéré tán, yálà ní ètò ìkọ́fẹpadà tàbí lọ́dọ̀ olùgbaninímọ̀ràn. Bó bá fojú ara rẹ̀ rí yín lórí ẹ̀rọ tí a ń rìn lórí rẹ̀, tí òógùn ń yọ, tí nọ́ọ̀sì ń mi orí pé ó dára, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀.

Ìbálòpọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì sì máa ń dákẹ́ lórí rẹ̀ títí tí yóò fi di ògiri láàárín wọn. Ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìsí ìrora àyà tàbí kí èémí há a mọ́ra, ara rẹ̀ máa ń gbà á, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Ohun kan tí kò ní àwáwí: ẹni tó ń lo oògùn nitrate, èyí tí wọ́n ń fún sábẹ́ ahọ́n fún ìrora àyà wà lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ lo sildenafil (Viagra) tàbí irú rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lọ́nà tó ń pani.

## Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ yí padà

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá ó ti tọ́jú ẹni tó ní àrùn ọkàn rí, bóyá yóò máa bá dókítà ọkàn yín sọ̀rọ̀, àti báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kẹta yẹn ni mo kà sí jù. Ẹni tó ń lo PHQ-9 tàbí irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì tún ń lò ó lóṣooṣù, mọ ibi tó ń mú yín lọ. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ṣáà máa bọ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Bó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tẹ́ ẹ ti ń lò ó bó ṣe yẹ, tí máàkì náà kò sì kúrò lójú kan, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kùnà. Ọ̀nà náà ni kẹ́ ẹ yí padà: kí wọ́n gbé ìwọ̀n oògùn sókè, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ kún un, tàbí kẹ́ ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ìṣòro ọpọlọ àti ìrònú. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tuntun, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání nínú páálí wọn, ti ọkàn àti ti ìsoríkọ́, kó lè rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kó tó kọ òmíràn.